Pálọ̀ Kékeré, Ohùn Tó Já Gaara

Pálọ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé ní Òṣogbo àti Iléṣà kò tóbi. Ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn, 10 ní ìbú, ibẹ̀ ni a óò kó àga onítìmùtìmù, tábìlì àárín, firíìjì kékeré àti tẹlifíṣọ̀n sí. Bí onílé bá wá jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn eré àti orin, ibẹ̀ náà ni yóò tún fẹ́ gbé hóòmù tíátà sí. Àwọn kan á ní àyè náà kéré jù fún un. Èmi ò gbà. Mo ti jókòó nínú pálọ̀ kékeré tí wọ́n fara balẹ̀ ṣètò, mo sì gbọ́ ohun tí n kì í rí gbọ́ ní gbọ̀ngàn ayẹyẹ níbi tí sípíkà ti ń lu èèyàn láyà: mo gbọ́ ọ̀rọ̀. Mo gbọ́ bí òṣèré ṣe mí sínú kó tó lanu. Ìyá ìlù fọhùn, n kò sì bi ẹnikẹ́ni pé kí ló wí. Ohun tí mo ń pè ní ohùn tó dára nìyẹn, orí rẹ̀ sì ni gbogbo ètò tí mo fẹ́ ṣàpèjúwe yìí dúró lé.

Òṣogbo ti fi han ayé tipẹ́ pé ibi kékeré gba tíátà. Ní 1962, Dúró Ládípọ̀ àti Ulli Beier sọ ilé ọtí kan ní Station Road di ilé eré àti iṣẹ́ ọnà tí wọ́n pè ní Mbárí Mbáyọ̀, Ládípọ̀ sì fi eré Ọba Mọ́rò ṣí i. Ọdún kan ṣáájú ìgbà yẹn, ó ti kọ orin Àjíǹde fún ìjọ All Saints ní Òṣogbo, ó fi dùndún sí i, àwọn kan nínú ìjọ sì ta kò ó. Ó gbé ìlù náà lọ síbi tí àyè ti gbà á. Nígbà tí Mbárí Mbáyọ̀ pé ọdún kan ní 1963, Ọba Kò So, eré nípa Ṣàngó, ni wọ́n fi ṣàjọ̀dún rẹ̀, nígbà tó sì di 1964, eré náà ti dé Berlin. Agbo eré tí ó ti jáde kì í ṣe gbọ̀ngàn ńlá. Òǹwòran súnmọ́ òṣèré, bàtá ń dún nítòsí etí, kò sí ẹ̀rọ kankan tó dúró láàárín ẹnu Ṣàngó àti ẹni tó ń wò ó. Ìsúnmọ́ yìí gan-an ni hóòmù tíátà tó dára ń wá, pálọ̀ kékeré sì ti ní in lọ́wọ́ ká tó ra ohunkóhun.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní tirẹ̀ náà. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, aláwàdà tí a mọ̀ sí Baba Sàlá, tí wọ́n bí ní 1936, tó sì kú sí Iléṣà ní oṣù kẹwàá ọdún 2018. Ẹni tó bá wo fíìmù rẹ̀, Ọ̀run Móoru, tó jáde ní 1982, yóò mọ̀ pé kì í ṣe aago ńlá tó so mọ́ra nìkan ló ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ọ̀nà tó ń gbà fa ọ̀rọ̀, tó ń gé e, tó ń fi ohùn kan yí ìtumọ̀ padà, ibẹ̀ ni àwàdà náà wà. Bí ohùn bá ń dún bí èyí tó ti inú ìkòkò jáde, ìdajì ẹ̀rín ti lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni eré Kóòtù Aṣípa ti Oyin Adéjọbí tó fi Òṣogbo ṣe ilé: ẹjọ́ ni, àròyé ni, ọ̀rọ̀ ẹnu ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ìbọn tó ń dún níbẹ̀, kò sí bàálù tó ń já. Ẹni tó bá fẹ́ gbádùn irú eré báyìí nínú ilé kò ní fi bẹ́ẹ̀ nílò ìró tó ń mi ògiri.

Èdè wa ló tún mú kí ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì sí i. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni a fi ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀, inú ọ̀fun ni wọ́n sì ti ń wá. Bí ọkùnrin bá ń sọ̀rọ̀, okùn ohùn rẹ̀ a máa gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 85 sí 155 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan; ti obìnrin a máa gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 165 sí 255. Hertz ni wọ́n ń fi ka irú ìgbọ̀n bẹ́ẹ̀. Yàrá náà ní ìgbọ̀n tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó wà láàárín ògiri méjì tó kọjú síra ní ìwọ̀n tó máa ń fẹ́ láti fi mì, jíjìnnà ògiri sí ògiri ló sì ń pinnu rẹ̀. Ìró ń rin nǹkan bí mítà 343 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fún ògiri tó fi ẹsẹ̀ bàtà 12 jìnnà síra, ìwọ̀n náà sún mọ́ Hertz 47; fún ẹsẹ̀ bàtà 10, ó sún mọ́ 56. Ìlọ́po wọn náà wà níbẹ̀: 94, 112, 141. Bí sípíkà bá gbé ìró tó bá ọ̀kan nínú wọn mu jáde, yàrá á gbè é, á gbé e ga ju bí wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀ lọ. Ìró tó bọ́ sáàárín wọn kò ní rí ẹni gbè é.

Ẹ wo ibi tí 94, 112 àti 141 bọ́ sí: ààrin ohùn ọkùnrin gan-an. Ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè wú, kí ti àárín fúyẹ́, láìjẹ́ pé òṣèré náà ṣe ohunkóhun. Ìtumọ̀ kì í sọnù pátápátá, nítorí etí a máa lo àwọn ìró kéékèèké tó wà lókè láti fi dá ohùn mọ̀. Àmọ́ gbígbọ́ á di iṣẹ́, ó sì ń rẹ èèyàn. Mo rò pé ohun tó ń bí àwọn àgbà nínú nìyẹn nígbà tí wọ́n bá ní ká din tẹlifíṣọ̀n kù, tí wọ́n sì tún ń béèrè lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan pé kí ni ọmọbìnrin yẹn wí.

Bí sílìn bá tún ga tó ẹsẹ̀ bàtà 10, bí ti ọ̀pọ̀ ilé wa, ìbú àti gíga yàrá ti dọ́gba nìyẹn. Méjèèjì á jọ máa gbe Hertz 56 kan náà. Yàrá tí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ̀ bá dọ́gba ló ṣòroó tún ṣe jù. Ẹni tó ṣì ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá jẹ́ kí gígùn, ìbú àti gíga yàtọ̀ síra. Ẹni tó háyà ilé yóò fi ìjókòó àti àga tún un ṣe. Ilé àtijọ́ tún ní ìwà tiwọn. Nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oníṣẹ́ ọnà Bùràsíìlì, irú èyí tí Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, gbé lójú ọ̀nà Ìbòkun ní Òṣogbo títí tó fi kú ní 2009, ògiri nípọn débi pé ariwo títì kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé. Mo fẹ́ràn irú ògiri bẹ́ẹ̀ gidigidi. Bí ilẹ̀ òkè bá jẹ́ pákó, òun ni ká ṣọ́: wúfà, ìyẹn sípíkà ìró tó wúwo, tí wọ́n gbé lé e lórí yóò mú kí pákó náà máa kọrin tirẹ̀, á sì dé etí ẹni tó wà nísàlẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù, páálí ló kọ́kọ́ ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Wáàtì 3000, wáàtì 5000, wáàtì 10000, PMPO sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà kéékèèké. Kò sí òfin kan tó ń de ẹni tó ń kọ PMPO. Ohun tó tọ́ ká wá ni RMS, ìyẹn agbára tí ẹ̀rọ lè máa gbé jáde láìsinmi. Nínú yàrá tí mo ń sọ yìí, agbára púpọ̀ kò tilẹ̀ wúlò. Sípíkà tó wọ́pọ̀, bí a bá fún un ní wáàtì kan ṣoṣo, yóò fún ẹni tó jókòó sí mítà kan ní nǹkan bíi déṣíbẹ̀lì 87, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ àwa èèyàn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ju 60 lọ. Bí a bá sọ agbára náà di ìlọ́po méjì, déṣíbẹ̀lì 3 péré ló ń fi kún un. Owó tí èèyàn ná lórí ẹgbẹ̀rún wáàtì, ì bá ti fi ra sípíkà tí páálí tó ń mì nínú rẹ̀ dára, tí àpótí rẹ̀ jẹ́ igi tó nípọn.

Àwọn tòkunbọ̀ tó ń wọlé láti òkè òkun a máa dára ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ, mo sì fẹ́ràn wọn. Ká ṣáà yọ aṣọ iwájú wọn kúrò ká wo róbà tàbí fóòmù tó yí páálí tó ń mì náà ká. Fóòmù a máa jẹrà bó bá pẹ́. Bó bá ń ya bí ìwé gbígbẹ lábẹ́ ìka, yóò ní láti lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún rédíò ṣe, àwọn sì mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀. Ámpílífáyà tó bá ti Amẹ́ríkà wá, iná 120 fóòtì ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó bá kì í bọ inú 230 tiwa láìsí tíránsífọ́mà tó ń dín iná kù ti pa á nìyẹn.

Ìbéèrè tó kàn ni iye sípíkà tí yàrá náà fẹ́. Ètò tí wọ́n ń pè ní 5.1 gba sípíkà márùn-ún àti wúfà kan: méjì níwájú, ọ̀kan láàárín wọn, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń wò, wúfà sì ń gbé ìró tó wúwo jù. Ní 1992 ni irú ohùn bẹ́ẹ̀ ti Dolby Digital kọ́kọ́ wọ sinimá pẹ̀lú Batman Returns, ó sì bá irú fíìmù bẹ́ẹ̀ mu. Àmọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú fíìmù Yorùbá tí wọ́n ṣe fún fídíò láti àwọn ọdún 1990 wá, ohùn kan tàbí méjì ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Kò sí ohun kan nínú wọn tí wọ́n dìídì kọ fún sípíkà ẹ̀gbẹ́. Nítorí náà, bí owó kò bá tó, èmi á fi gbogbo rẹ̀ ra mẹ́ta tó dára fún iwájú, kí n fi ti ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Nínú mẹ́ta náà, ti àárín lọ̀gá. Òun ni ọ̀rọ̀ ẹnu ń gbà jáde jù lọ. Ó sì dùn mí pé òun náà ni wọ́n máa ń ṣe ní kékeré jù nínú páálí olówó pọ́ọ́kú, tí wọ́n á sì ki ìyókù owó bọ inú wúfà.

Pálọ̀ kan wà ní Iléṣà, ti ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ olùkọ́, tó jẹ́ pé bó ṣe tò ó ni mo fi ń kọ́ ẹlòmíràn. Lára ògiri ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 10 ni tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ wà. Sípíkà méjì iwájú fi ẹsẹ̀ bàtà 7 jìnnà síra, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fi ẹsẹ̀ bàtà kan àtààbọ̀ jìnnà sí ògiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó fà wọ́n kúrò lára ògiri ẹ̀yìn wọn ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì. Láti orí àga rẹ̀ dé sípíkà kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ bàtà 7 náà ni. Bí ẹ bá fi okùn wọn ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó gùn ju èkejì lọ. Ohun tí àwọn onímọ̀ ohùn lágbàáyé ń dámọ̀ràn nìyẹn, pé kí sípíkà ọ̀tún àti òsì yà sí dígírì 30 sí 30 níwájú ẹni tó ń gbọ́. Sípíkà ọ̀rẹ́ mi dojú kọ àga, wọn ò dojú kọ ògiri ẹ̀yìn. Ibi tí ohùn kéékèèké ti ń jáde lára wọn ṣe déédéé pẹ̀lú etí ẹni tó jókòó. Kò gbé wọn sókè àjà bí wọ́n ti ń ṣe ní ilé ọtí. Ti àárín wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó fi igi pẹlẹbẹ kan sí i nísàlẹ̀ kó lè gbójú sókè díẹ̀.

Ibi tí àga náà wà ló wú mi lórí jù. Ohun tó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn gbogbo wa ni pé ká ti àga gbá ògiri ẹ̀yìn kí àyè lè wà níwájú. Àmọ́ ara ògiri ni ìró tó wúwo ti ń kóra jọ. Ẹni tó bá gbé orí lé e yóò máa gbọ́ wúfà ju ọ̀rọ̀ lọ. Bó bá sì jókòó sí agbedeméjì yàrá gan-an, Hertz 47 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá mọ́ ọn létí. Ọ̀rẹ́ mi gbé àga tirẹ̀ sí ẹsẹ̀ bàtà 8 láti iwájú, ó ku 4 lẹ́yìn, ibẹ̀ ni tábìlì ìwé àti ìkẹ́kọ̀ọ́ ọmọ wà. Kò sí àyè tó ṣòfò. Nígbà tó wá ra sípíkà ẹ̀gbẹ́ lẹ́yìn náà, ó kàn wọ́n mọ́ ògiri ọ̀tún àti òsì, sẹ́yìn etí díẹ̀, ó gbé wọn ga ju orí lọ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì kí wọ́n má baà máa pariwo sí etí ẹni tó wà létí àga.

Ti wúfà yàtọ̀. Ìró tó bá wà nísàlẹ̀ Hertz 80, etí kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ibi tó ti ń wá, nítorí náà kò di dandan kó wà níwájú. Igun yàrá a máa fún un lágbára jù, a sì máa fún un ní ìwà burúkú jù. Ọ̀nà kan wà tó dà bí eré ọmọdé, àmọ́ mo fọwọ́ sọ̀yà fún un. Ẹ gbé wúfà lé orí àga tí ẹ óò máa jókòó lé, ẹ fi orin tí gìtá bẹ́ẹ̀sì rẹ̀ ń rìn sókè sódò sí i, kí ẹ sì máa rá káàkiri ẹ̀bá ògiri, ẹ fi etí sílẹ̀ nítòsí ilẹ̀. Ibi tí gbogbo nóòtì bẹ́ẹ̀sì náà ti dún ní ìwọ̀n kan náà, tí ọ̀kan kò wú ju èkejì lọ, ẹ sàmì sí i. Ibẹ̀ ni ilé wúfà. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá dín in kù. Ẹ tún dín in kù. Wúfà tó wà níwọ̀n, èèyàn kì í rántí pé ó wà àfìgbà tí wọ́n bá pa á.

Ògiri, tílíìsì ilẹ̀ àti gíláàsì fèrèsé, gbogbo wọn ló ń ta ohùn padà. Láti sípíkà ọ̀rẹ́ mi, ohùn tó gba ara ògiri ẹ̀gbẹ́ kò fi ìdá méjì nínú ẹgbẹ̀rún kan ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju èyí tó tọ etí wá tààrà. Etí ò lè ka irú méjì bẹ́ẹ̀ sí méjì. Á pa wọ́n pọ̀, á wá gbọ́ ohùn kan tó ní àbàwọ́n. Láti mọ ibi tí ó ti ń ta, ẹnì kan á jókòó, ẹlòmíràn á mú dígí ìwojú, á máa fi rìn lára ògiri. Ibi tí ẹni tó jókòó bá ti rí sípíkà nínú dígí náà, ibẹ̀ ló yẹ ká fi nǹkan tó rọ̀ bò.

Lórí nǹkan tó rọ̀, a kò ní láti wo òkè òkun. Òṣogbo ìlú aró ni, àdìrẹ rẹ̀ sì ti gba ibẹ̀ rìn ká ayé, pàápàá láti ọwọ́ Níkẹ Davies-Okundaye. Ìjẹ̀ṣà ni àwọn òṣómàáló tó ru aṣọ dé ìlú onílùú tí wọ́n sì dúró gba owó wọn. Àdìrẹ tó fẹ́lẹ́, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri gbagbaga, àwọ̀ rẹ̀ nìkan la óò rí. Ìró tó ga jù lọ ló lè gbà mọ́ra, ìyẹn náà díẹ̀. Òfì ló tó iṣẹ́. Ó wúwo, ó nípọn, bí a bá sì fi í sílẹ̀ kó ṣẹ́po, tí a jẹ́ kó fi nǹkan bí ìbú ọwọ́ kan jìnnà sí ògiri, ohùn tó wọ inú rẹ̀ kì í padà jáde bó ṣe wọlé. Ọ̀rẹ́ mi fi òfì ìyá rẹ̀ kọ́ sí ọ̀tún, ó to ìwé sí òsì nínú selífù tí ìwé inú rẹ̀ kò dọ́gba. Rọ́ọ̀gì wà láàárín àga àti sípíkà. Kọ́tìnì rẹ̀ fẹ̀ ní ìlọ́po méjì fèrèsé. Nígbà tí mo wọlé tí mo pàtẹ́wọ́, n kò gbọ́ ìró gbígbóná tí yàrá tílíìsì máa ń dá padà, àtẹ́wọ́ náà kàn parí síbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìró tó wúwo kò bẹ̀rù aṣọ. Òun fẹ́ nǹkan tó nípọn gan-an: fóòmù tó tó íǹṣì mẹ́rin sókè ní igun yàrá, tàbí àwọn ìrọ̀rí àtijọ́ tí wọ́n fi òwú àràbà kún, tí ọ̀pọ̀ ilé ti kó sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Páálí ẹyin tí àwọn ọ̀dọ́ ń lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá orin wọn kò ràn án lọ́wọ́. Kò nípọn tó, ìwé lásán ni, eku sì fẹ́ràn rẹ̀.

Iná náà ń dá sí ohùn. Iná tiwa ń yí ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, Hertz 50 sì súnmọ́ 47 tí yàrá náà ń gbè. Bí wáyà tó ń so ẹ̀rọ pọ̀ bá ń fa ìró iná wọlé, tí ó ń kùn, yàrá á ràn án lọ́wọ́. Kí gbogbo ẹ̀rọ, tẹlifíṣọ̀n, dẹ́kóòdà àti ámpílífáyà, máa gba iná láti ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà; kí wáyà sípíkà má sì bá wáyà iná rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ilé ọ̀rẹ́ mi ti ń lo ínfátà àti oòrùn báyìí, ìyẹn sì tún ohùn náà ṣe ju ohunkóhun tó rà lọ, nítorí kò sí jẹnẹrétọ̀ tó ń bá òṣèré sọ̀rọ̀ mọ́. Ti aládùúgbò ṣì wà, bẹ́ẹ̀ ni. Fèrèsé tó kọjú sí i ni ó fi selífù ìwé dí.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti wà ní ipò, orin Isaiah Kẹ́hìndé Dáíró ni mo máa ń kọ́kọ́ fi dán an wò. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá ní 1963, ó sì kú ní 1996. Àwọn àwo rẹ̀ tí ó fi di olókìkí, ohùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi gbà wọ́n sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wúlò tó bẹ́ẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Bí a bá fi ọ̀kan nínú wọn sí sípíkà méjì iwájú nìkan, ohùn Dáíró gbọ́dọ̀ dúró sí àárín gan-an, níbi tí sípíkà kankan kò sí. Bó bá ń fà sí ọ̀tún, bóyá ọ̀tún súnmọ́ wa jù, tàbí ògiri òsì jìnnà jù. Bó bá fọ́n káàkiri tí kò dúró sí ojú kan, wáyà kan ló ti yí òdì. Ká máa sún sípíkà ní ìwọ̀n íǹṣì kan kan títí ohùn yóò fi dúró. Kọ́díọ̀nù rẹ̀ á sọ bóyá ìró tó ga ń ta jù, gángan tó ń dá a lóhùn á sì sọ bóyá ohùn ìsàlẹ̀ ti wú.

Lẹ́yìn ìyẹn, Ṣaworoidẹ, fíìmù Túndé Kèlání tó jáde ní 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. Kò sí fíìmù tí mo mọ̀ tó bá iṣẹ́ yìí mu tó o, nítorí orí ìlù ni ìtàn rẹ̀ dúró lé. Ṣaworo tó wà létí ìlù jẹ́ ìró tó kéré tó sì ga, tí tílíìsì àti gíláàsì tètè máa ń bà jẹ́. Awọ ìlù wà láàárín. Ohùn ọba àti ìjòyè wà nísàlẹ̀. Adébáyọ̀ Fálétí ló ṣe Baba Ọ̀pálánbà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì kún fún àdììtú tí èèyàn kò gbọdọ̀ pàdánù sílébù kan nínú rẹ̀. Bí ṣaworo bá ń ta láìgún etí, tí a sì gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ Fálétí láìfi ọwọ́ kan rìmóòtù, ká fi táápù lẹ wáyà mọ́lẹ̀, ká kó okùn ìwọ̀n àti dígí kúrò nílẹ̀, ká pe àwọn ará ilé wọlé.